Ohun Tí Mashood Rí Fìrí

Bí ènìyàn bá sọ fún ọ pé òun rí ọ fìrí, má bá a jiyàn. Kò sọ pé òun wò ọ́. Ẹni tó ń wo nǹkan lè dúró, ó lè yí orí, ó lè pe ẹlòmíràn pé kó wá bá òun wò ó. Fìrí kò fún ẹnikẹ́ni láyè bẹ́ẹ̀, ó ti kọjá kí o tó ṣẹ́jú. A máa ń rí olè fìrí lórí ògiri. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú á ní òun rí i fìrí lẹ́nu ọ̀nà. Bí àlejò bá yà sílé ẹni láìjókòó, a ó ní fìrí la rí i, bó tilẹ̀ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé ojú wa kò tíì kún. Gbogbo ìlò ọ̀rọ̀ yìí ni mo mọ̀. Òun ló ba ayé àbúrò mi jẹ́, òun náà la sì fi gbẹ̀san.

Waliyat lorúkọ mi. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá wa ní Ọ̀yọ́, Mashood ni wọ́n bí tẹ̀lé mi, òun ló sì jogún iṣẹ́ náà. Ó ń rán tìmùtìmù, ó ń rán àpò àti bàtà, ojú rẹ̀ sì mú débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sínú yanrìn, òun la ó pè. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ jù ni pé kò lè fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Tí o bá bi í pé aago mélòó ló lù, á ní ó ku díẹ̀ kó lu mẹ́rin. Mo máa ń bá a jà lórí rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, mo ní ẹni tó bá ń ṣe òótọ́ báyìí, àwọn òpùrọ́ ló máa fi í jẹun.

Òpùrọ́ náà ti wà nílé wa nígbà yẹn. Hafeez ni, ọ̀rẹ́ Mashood. Ilé kéwú kan náà ni wọ́n lọ, bí ìyá Hafeez kò bá sì sí nílé, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń jẹun. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bu oúnjẹ fún un. Alfa Anas ló ń ṣáájú wa nírun ní mọ́ṣáláṣí rátíbì àdúgbò wa. Àgbàlagbà ni, bí ẹ bá sì rí i pé mo ń pè é ní “ó” nínú ìtàn yìí, ẹ má rò pé wọn ò kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nílé. Inú ló ń bí mi. Ó ní ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ìbùkúnọlá, ọmọ jẹ́jẹ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Mashood ti ṣe ìdána rẹ̀, wọ́n sì ti fẹnu kò pé bí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ 1987 bá ti kọjá, wọn yóò so yìgì.

Ìṣe wa ládùúgbò yẹn ni pé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, Alfa á rán ọkùnrin méjì tí ojú wọn dára lọ sórí òkè kan lọ́nà Ìsẹ́yìn láti wá oṣù. Bí wọ́n bá rí i, ọ̀la di ọdún. Bí wọn ò bá rí i, a ó gba ààwẹ̀ kan sí i kó pé ọgbọ̀n. Alfa Anas kì í sì í gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo láti tú ààwẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Mashood àti Hafeez ló rán.

Oṣù karùn-ún ni, òjò ti ń rọ̀, àwọsánmà sì bo ojú ọ̀run. Mashood sọ fún mi pé àwọn ti fẹ́ máa bọ̀ nílé nígbà tí àwọsánmà náà ya díẹ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn, oṣù sì yọ níbẹ̀, tín-ín-rín bí èékánná tí a gé dànù. Ó fọwọ́ kan Hafeez, ó nàka sí i. Hafeez ní, “Allahu Akbar, mo rí i.” Àwọsánmà tún padé. Wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀, Hafeez ló tilẹ̀ ń sáré níwájú.

Nígbà tí wọ́n dé mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti kírun Mọ̀gàríbì tán. Alfa bi wọ́n ṣé wọ́n rí i. Mashood ní àwọn rí i, àmọ́ fìrí ni, àwọsánmà tètè bò ó. Alfa kojú sí Hafeez. Hafeez wolẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan, Mashood ló ń pariwo pé òun rí i, òun kàn tẹ̀ lé e wálé ni. Mashood rò pé ọ̀rẹ́ òun ń ṣeré. Ó ń dúró kí Hafeez rẹ́rìn-ín. Hafeez ò rẹ́rìn-ín.

Alfa wá bi Mashood pé ṣé ó dá a lójú dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n ṣáyé ẹ ó ti mọ ohun tó yẹ kó sọ. Kó ní òun rí i kedere, kó búra, kó bú sẹ́kún. Àbúrò mi ní, “Fìrí ni mo rí i, Alfa.” Alfa ní fìrí kò tó láti fi tú ààwẹ̀ odindi jàmáà, pàápàá láti ẹnu ẹnì kan. Ó ní kí gbogbo wa gbààwẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Mashood wá di ẹni tí kò lè gbààwẹ̀, kò sì lè má gbà á. Ó mọ̀ pé òun rí oṣù, ọmọ kéwú sì ni, ó mọ̀ pé èèwọ̀ ni kí Mùsùlùmí gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Èmi ni mo se ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún un. Mo ní kó jókòó síyàrá kó jẹ ẹ́, ta ni yóò mọ̀. Ìgbà tó jẹ ẹ́ dé àárín ni Hafeez ṣílẹ̀kùn láìkágò, òun àti àgbà mẹ́ta láti mọ́ṣáláṣí. Ó mọ inú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé yóò jẹun.

Wọ́n mú un jókòó síwájú mọ́ṣáláṣí lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní kó gba ọgọ́ta ọjọ́ ààwẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, àwọn èrò ọkọ̀ ń sọ pé wọ́n ti kírun ọdún níbi táwọn ti ń bọ̀. Alfa Anas ní ìlú kálukú ni ó ní oṣù tirẹ̀. Kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó dá ẹrù ìdána padà. Àwọn ọmọdé ń pe àbúrò mi ní Ajẹun-lójú-ààwẹ̀ bó bá ń kọjá, àwọn tó ń ra bàtà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń gba ibòmíràn. Lóṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, Hafeez so yìgì pẹ̀lú Ìbùkúnọlá. Ó tún wá di ládàánì, òun ló ń pe ìrun fún wa. Ẹnu tó fi purọ́ yẹn ló ń fi jí wa lásùbáà.

Mo kórìíra rẹ̀. Mi ò ní bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn gbogbo ìrun ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí n fojú mi rí ẹ̀san. Opó ni mí, mi ò ní nǹkan tó dì mí mú ní Ọ̀yọ́, nítorí náà nígbà tí Mashood kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo bá a lọ. A gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn Ọjà Igbó, òun ń gé awọ, èmi ń rán etí rẹ̀. Tí mo bá ń ṣépè fún Hafeez, Mashood á ní òun ò fẹ́ kó kú. Ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́, kó dúró níwájú jàmáà yẹn, kó sọ pé òun náà rí oṣù. Ó ní tó bá ti sọ ọ́, òun ti jẹun yó. Ní tèmi, ìyẹn ò tó.

Ní ojúkojú ṣọ́ọ̀bù wa, ilé ìwòsàn aládàáni kan wà. Gbogbo ẹni tó ń tajà ládùúgbò ló mọ iṣẹ́ dókítà ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí kò rọ́mọ bí ló ń tọ́jú. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ kì í jẹ́ ká rí ojú wọn, wọ́n á fa fìlà wálẹ̀, wọ́n á kọjá wéré bí ẹni tó jí nǹkan. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá, 1988, Mashood gbójú sókè lórí awọ tó ń gé, ó sì rí Hafeez. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ojú wọn ṣe mẹ́rin, ilẹ̀kùn sì pa dé. Mashood gé awọ náà tán kó tó sọ fún mi.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé Ìbùkúnọlá gbọ́dọ̀ gbọ́. Ìròyìn ti ń kàn wá láti Ọ̀yọ́ pé ìyá Hafeez sọ ọmọ náà di àgàn, pé ó ń pè é bẹ́ẹ̀ létí odò àti lójú ọ̀nà. Mashood ní kí n wọkọ̀ lọ́la, kí n yọ́ ọ sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ mọ ibi tí àìsàn wà.

Mo ní mi ò lọ. Mo ní bá a bá sọ ọ́ báyìí, Hafeez á sẹ́, wọ́n á ní ajẹun-lójú-ààwẹ̀ tún ti rí fìrí mìíràn. Mo ní ọfà kan ṣoṣo ló wà lápó wa, kò yẹ ká ta á sínú igbó. Ká tọ́jú rẹ̀. Mashood bá mi jiyàn fún ọjọ́ méjì, ó sì dákẹ́. Láti ìgbà yẹn, kò sí oṣù tí Hafeez kò wá, kò sì sí ìgbà tó wá tí a kò rí i.

Lọ́dún 1989, oṣù kẹta, ọjọ́ tí mo ti ń tọrọ dé. Awakọ̀ kan ní àdúgbò wa l'Ọ́yọ̀ọ́, Akínọlá, ti ìrìn Sókótó dé lọ́sàn-án Ọjọ́rú láìròtẹ́lẹ̀, ó sì bá ọkùnrin kan tó ń fo ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ, pẹ̀lú jalabíà funfun lọ́rùn. Ó ní fìrí lòun rí i, àmọ́ ó dá òun lójú pé ládàánì ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ wá gbọ́ o, Alfa Anas ní ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé ẹni kì í ṣe ohun tí a ń fojú kékeré wò. Fìrí tí kò tó lọ́jọ́sí ti wá tó. Ó ní kí Hafeez mú ẹni tó rí i níbòmíràn lọ́jọ́ náà wá kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi ìpèrun sílẹ̀, kó sì tú yìgì ọmọ òun. Hafeez ní oko lòun lọ. Kò sẹ́ni tó rí i lóko.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọjọ́rú yẹn jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù, ọ̀dọ̀ dókítà ló wà. Kò lè pe dókítà láìtú àṣírí ara rẹ̀, nítorí náà Mashood nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí sí i.

Hafeez wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù, mo sì wò ó tẹ́rùn. Kò tíì jókòó tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èérún awọ, ó ń kí mi, ó ń ní “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́.” Mo ń rán etí awọ mi lọ. Ó ní kí Mashood bá òun dé Ọ̀yọ́, kó sọ fún Alfa pé Ògbómọ̀ṣọ́ lòun wà.

Mashood fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀rí mi kì í ṣe ẹ̀rí ní mọ́ṣáláṣí yín. Ẹni tó jẹun lójú ààwẹ̀, ta ló ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀? Tí o bá fẹ́ kí ẹ̀rí mi wúlò fún ọ, ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ́kọ́ sọ ohun tí o rí lórí òkè.”

Hafeez sunkún. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, òun ti tẹ́ nìyẹn. Mashood ní kó lọ rò ó di ọ̀la. Kò dúró dọ̀la, ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí náà ló ti gbà. Ó wá bẹ Mashood pé kó má dárúkọ ilé ìwòsàn náà, kó kàn ní òun rí i nínú ọjà. Ó ní ìyá òun ò mọ̀, Ìbùkúnọlá ò mọ̀. Mashood ní, “Mo gbọ́.” Mo mọ àbúrò mi. Kò ní “mo gbà.” Nígbà tí Hafeez lọ tán, mo bi í kí ni yóò sọ. Ó ní ohun tí wọ́n bá bi òun lòun máa dáhùn. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí, nítorí pé Alfa Anas kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun Alásárì, àgbàlá mọ́ṣáláṣí kún. Àwọn ọkùnrin wà lórí ẹní, àwa obìnrin wà lẹ́bàá ògiri, Ìbùkúnọlá sì jókòó nítòsí mi, ó gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Hafeez dìde. Ó ní, “Mo rí oṣù lọ́jọ́ náà. Èmi àti Mashood la jọ rí i. Mo purọ́ nítorí Ìbùkúnọlá.”

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn létí mi. Àwọn àgbà dìde, wọ́n tún jókòó. Gbogbo wọn ló gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, Alfa ló sì ṣáájú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó bá Hafeez wá ká àbúrò mi mọ́ oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Alfa Anas káwọ́ lérí, ó pe Mashood síwájú, ó ní kó dárí ji àwọn. Ohun tí àbúrò mi fẹ́ láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ dúró níbẹ̀, ààyè wà.

Alfa bi í ṣé ó rí Hafeez ní Ọjọ́rú náà. Ó ní òun rí i fìrí. Alfa ní níbo. Ó ní ní Ògbómọ̀ṣọ́. Alfa tún ní níbo ní Ògbómọ̀ṣọ́. Hafeez ń wo Mashood, ó ń mi orí, omi ń jáde lójú rẹ̀. Bí Mashood bá ní nítòsí ọjà, òótọ́ náà ni ìbá jẹ́.

Ó ní, “Lẹ́nu ọ̀nà dókítà tó ń tọ́jú àwọn ọkùnrin tí kò rọ́mọ bí. Láti oṣù kẹwàá ló ti ń wá. Ìgbà kẹfà nìyẹn tí mo rí i níbẹ̀.”

Akínọlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun fa ọ̀rọ̀ òun sẹ́yìn, ẹlòmíràn lòun rí. Kò sẹ́ni tó fetí sí i. Ìyá Hafeez fi gèlè bojú. Hafeez jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú ẹrù inú rẹ̀ jáde. Mo ní kí ojú mi wò ó kó kún, mi ò fẹ́ rí i fìrí.

Ìbùkúnọlá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé ọkọ rẹ̀ ló ń lọ bá. Ó kọjá lára Hafeez láì wò ó, ó lọ dúró níwájú Mashood.

“Bọ̀dá Mashood, láti oṣù kẹwàá lẹ ti mọ̀?”

Mashood ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, “Lóṣù kọkànlá, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ mọ́kànlélógún sí mi níkùn, wọ́n fi ẹbu dúdú ra á, mo sùn gbalaja fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lóṣù kìíní, wọ́n ní kí n fọwọ́ ara mi tún yàrá ṣe de ìyàwó tuntun. Mo tún un ṣe. Hafeez purọ́ fún mi, mo ti gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ mi, ẹ sì ń tọ́jú òótọ́ de ọjọ́ òní?”

Mashood yíjú wo apá ọ̀dọ̀ mi. Èmi ni mo ní kó tọ́jú rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, ó ti dé ètè mi, mo sì gbé e mì. Ìbùkúnọlá yíjú sí mi. Ó wò mí dáadáa, ó ní, “Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́.” Ó wá jáde lẹ́nu géètì, aṣọ ara rẹ̀ nìkan ló mú lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìyá rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n gba ìpèrun lọ́wọ́ Hafeez. Mi ò tọrọ àforíjì lórí tirẹ̀ títí dòní, mi ò sì ní tọrọ. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, mo ń sọ̀rọ̀ ṣáá, mo ń sín ojú Hafeez jẹ, mo ń sín ìyá rẹ̀ jẹ nígbà tó fi gèlè bojú. Mashood ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a kọjá Odò Ọbà ló tó bi mí ní ohun kan.

“Àǹtí mi, gbẹ́rẹ́ mélòó ló ní wọ́n sín sóun níkùn?”

Mo ní mọ́kànlélógún. Ó kọjú sí fèrèsé, ó sì ń fìka kà á lórí itan rẹ̀ títí a fi dé Ọjà Igbó.